Ẹ̀yìn Aṣọ Funfun Ni Mo Ti Ń Dá Wọn Lóhùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó jókòó ti tábìlì yìí o, kí ẹ má baà sọ pé ọmọbìnrin tí ẹ rán lọ sílé ìwé ti gbàgbé orúnkún rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ò mọ̀wé kà nígbà tí ẹ wà láyé. Èmi ni mo máa ń ka Bíbélì sí yín létí nírọ̀lẹ́, tí ẹ ó sì ní kí n rọra, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan wọlé kí n tó ti òmíràn tẹ̀ lé e. Ṣé wọ́n ti kọ́ yín níwèé lọ́hùn-ún? Bí wọn ò bá tíì kọ́ yín, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ kó ka èyí fún yín, ẹ sì kìlọ̀ fún un kó má sáré.

Ìlú wà bí ìlú ṣe ń wà. Wọ́n ti ń kọ́ ilé ńlá kan sórí òkè Màpó, ilé olókùúta tí àwọn òpó rẹ̀ ga débi pé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níléèwé sọ pé sánmà ni wọ́n fẹ́ fi gbé dúró. Lọ́rí ti pọ̀ ní Bẹẹrẹ, eruku rẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ lára. Àwọn olóyè tó ṣì ń gẹṣin kò pọ̀ mọ́, gàárì kò tà mọ́, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ awọ ní Ọjà'ba sì ti yí sí bàtà àti àpò. Ó ní kí n máa bá òun kí yín. Mo sọ fún un pé ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í gbàdúrà sí òkú. Ó ní ta ló rán mi ní àdúrà, kíkí lòun ní kí n kí yín. Mo ti jíṣẹ́ báyìí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an, Ìyá ni.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni sọ ju ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé má sọ lọ. Mo rò pé bó bá ṣe opó tán, ara á tù ú. Ó ṣe opó tán. Ó bọ́ aṣọ dúdú, irun rẹ̀ hù, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn sì kí wa. A darí délé, ló bá tún lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ibi tó ti dìde gan-an. Òfì tó fi ń hunṣọ fara ti ògiri, aláǹtakùn ti ń hun tirẹ̀ sí i. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fọwọ́ kan àwo náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó gbóná, á wá ní kí n gbé e kúrò. Mo ti se ọbẹ̀ fún un, mo ti sun iṣu fún un, mo ti ra èyí tí wọ́n ń tà lóde. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ń fún un lọ́rùn tẹ́lẹ̀ ti wá ń yọ̀.

Àwọn ará ilé ní ó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ ni. Wọn ò sọ ọ́ sí mi létí, ṣùgbọ́n ẹ mọ agbo ilé wa, ọ̀rọ̀ kì í gbé inú yàrá sùn níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Èmi nìkan ni ẹ fi sílẹ̀ fún un, òun nìkan náà lẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń pè é ni? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Mi ò bínú sí yín, mo kàn ń bẹ̀ yín ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le dé nìyí tí ọkùnrin kan fi ti Èkó dé. Ọ̀gá Sinimá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹ ò bá sinimá láyé, ó sì ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n á ta aṣọ funfun fẹ̀ẹ̀ sáàárín òpó méjì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ yí i. Iná á jáde lójú ẹ̀rọ náà, ẹ ó sì rí èèyàn lára aṣọ, tó ń rìn, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń họ imú, gẹ́lẹ́ bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Wọn kì í fọhùn ni. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí wọ́n kọ ló máa ń yọ láàárín kí èèyàn lè mọ ohun tó ń lọ. Ọ̀gá wa níléèwé ní èmi ni kí n máa kà á kí n sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwùjọ, torí pé ohùn mi ròkè. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n yé pariwo bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko, ẹ rí i pé ó wúlò.

Kì í ṣe àwòrán eré o. Ìtàn àwọn ará erékùṣù ni: ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, bí wọ́n ṣe ń jọba, ohun tí wọ́n ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń sin òkú wọn. Ilẹ̀ tí omi yí ká tọ̀tún tòsì ni erékùṣù. Mo fi igbá tó léfòó lójú odò ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn ní pápá iléèwé wa ní Bẹẹrẹ, ni àgbàlagbà kan bá bi mí pé bí ogun bá dé, ibo ni wọ́n ń sá gbà. Ìbàdàn ni Ìbàdàn á máa jẹ́. Ẹ̀yin náà ìbá béèrè rẹ̀.

Fíìmù náà sọ pé àwọn baba ńlá wọn so ọkọ̀ onígi méjì pọ̀, wọ́n kó obìnrin àti adìẹ àti irúgbìn sí i, wọ́n ń wo ìràwọ̀, wọ́n sì la òkun kọjá títí wọ́n fi rí ilẹ̀ tẹ̀ dó. Ilé méjì ló ń jọba níbẹ̀, bí ọ̀kan bá jẹ tán, á kan èkejì. Wọ́n ń gbé ewé sọ́rùn ọba wọn dípò iyùn. Oúnjẹ wọn, orí igi ló ti ń so, ó rí roboto, wọ́n á sun ún bí iṣu, wọ́n á ha á, wọ́n á jẹ ẹ́. Gbogbo pápá ló hó nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn èèyàn kan wà láyé tí iṣu wọn ń so lókè tí wọn ò kọ ebè. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn àlejò dé, ó kó àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wálé mọ́. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí òkúta, ó ń fi ìka ka orúkọ àwọn tí kò padà. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò sí agbo ilé kan ní Ìbàdàn níbí tí kò ní irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ibi tí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn wa rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí ni kí wọ́n ṣe? Wọ́n kí wọn. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú odò o, ẹ ò ní fọwọ́ rọ́ o. Àwọn apẹja ò dáhùn. Wọ́n tún kí wọn, wọ́n gbé ohùn sókè, bóyá ariwo omi ni ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Kò sẹ́ni tó yíjú. Ìyàwó kan lára aṣọ náà gbé ọmọ tuntun jáde, àwọn obìnrin wa kí i kú ewu ọmọ, ó kàn wò wọ́n lójú, ó wọlé lọ. Ó tán o! Ẹni kan ká ẹní rẹ̀, ẹlòmíràn gbé àpótí rẹ̀, wọ́n ní ìran tí kò mọ kíkí kò ní ìtàn kan tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ni. Mo ní àwòrán ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwòrán ni, ṣé àwòrán kò ní ìyá tó kọ́ ọ nílé ni? Ọ̀gá Sinimá dúró, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò kí fíìmù òun ní Èkó rí.

Bàbá, ẹ̀yin ni mo rántí. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń rìn láti Ọ̀rányàn lọ sí Ọjà'ba? Ẹni tó ń kánjú kì í bá yín rìn. Ẹ ó kí ẹni tó ń gbálẹ̀ kú iṣẹ́, ẹ ó kí ẹni tó ń wò ó kú ìdúró, ẹ ó béèrè aláìsàn, ẹ ó béèrè ewúrẹ́ aláìsàn, nígbà tí a ó bá fi dé ìsọ̀, oòrùn á ti mú. Ojú máa ń tì mí. Ẹ ní ẹni tí a bá rí tí a ò kí, a ti sọ fún un pé kò sí níbẹ̀. Ó wá yé mi pé àwọn èèyàn wa ò ṣàṣejù. Àwọn ará erékùṣù ni wọ́n ń kà sí èèyàn.

Ọ̀gá Sinimá fẹ́ di ẹrù rẹ̀ kó gba Ọ̀yọ́ lọ lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo ní ìdí tèmi. Nígbà tí mo délé lálẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo ń dá sọ̀rọ̀ níwájú Ìyá gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe, mò ń ro fíìmù náà fún un, mo sì sọ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í hunṣọ, èèpo igi ni wọ́n ń bó tí wọ́n ń fi igi lù títí á fi fẹ̀ tí wọn ó sì ró o mọ́ra. Ìyá gbé orí sókè. Ó ní láìsí òfì? Mo ní láìsí òfì, Ìyá, láìsí òwú. Ó ṣe ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é bí ẹnì kan bá gbé ayédèrú kíjìpá wá fún un. Ó tún yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i. Ọkàn rẹ̀ kò tíì lọ tán.

Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Ọ̀gá Sinimá jẹ́ kí n bọ́ sẹ́yìn aṣọ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, mò ń rí àwòrán náà láti ẹ̀yìn, mo sì gbé páànù kan tí wọ́n ká bíi fèrè sẹ́nu kó lè gbé ohùn mi jáde. Nígbà tí àwọn apẹja yọ, tí àwọn tí wọ́n ṣì bínú ń kí wọn pẹ̀lú ìpẹ́gàn, mo dáhùn. Mo ní a dúpẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Ẹ wo ariwo! Wọ́n dìde dúró. Wọ́n kí ọba erékùṣù, mo mú ohùn nípọn, mo súre fún wọn. Wọ́n kí abiyamọ, mo ní ẹ ṣé, a jọ máa jèrè ọmọ. Wọ́n ní ta ló bí ọba yẹn, mo sọ èyí tí fíìmù sọ, èyí tí kò sọ, mo ní àgbà tó mọ̀ ọ́n ti lọ sódò. Láti ọjọ́ náà ni pápá ò ti gba èèyàn mọ́. Àwọn kan ń ti Bẹyẹrúnkà wá, àwọn kan ń ti Mọ́lété. Níbi ìsìnkú tó wà nípárí fíìmù náà, wọ́n á bá àwọn opó dárò, wọ́n á ní ẹ kú ìrọ́jú, èmi náà á sì dáhùn bó ti yẹ. Obìnrin kan láti Ọjà'ba tilẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀wà wá síwájú aṣọ náà, ó ní kí wọ́n fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọ̀gá Sinimá ló jẹ ẹ́. Ojú ò tì í rárá.

Ìyá nìkan ni kò wá. Lójoojúmọ́ ni mò ń ní kó jẹ́ ká lọ, lójoojúmọ́ ló ń mirí.

Ẹni tó wá mú un wá, àbúrò yín ni. Bàbá Kékeré gbọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń bọ́ sẹ́yìn aṣọ, ó ń fọhùn láti ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gba ìgbàgbọ́, òun kò gbà á. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó wá bá Ìyá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ará ọ̀run ló ń bọ́ sínú aṣọ fọhùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ó ní èmi ń gba ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, pé bí ẹ bá wà láyé, ẹ ò ní gbà á, kí Ìyá kìlọ̀ fún mi kí òun tó ṣe é bí òun ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Mo wà nínú yàrá, mò ń gbọ́. Inú bí mi, mo fẹ́ jáde lọ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níkìíni, kò kàn án. Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí Ìyá máa sọ. Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀ títí, ó sú u, ó lọ. Nígbà tí mo múra àtilọ nírọ̀lẹ́, mo rí Ìyá tó so gèlè. Kò wò mí. Ó mú àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Inú mi kọ́kọ́ dùn lójú ọ̀nà, kí n tó rántí ìsìnkú tó wà nínú fíìmù náà. Wọ́n á gbé ọkùnrin kan láti inú ọkọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní, aya rẹ̀ á jókòó tì í, wọ́n á sì gé irun rẹ̀ bí a ṣe gé ti Ìyá. Mo sáré lọ bẹ Ọ̀gá Sinimá kó yọ ibẹ̀ kúrò. Ó ní kò ṣeé yọ, gbogbo rẹ̀ ló so mọ́ra wọn, àfi bí òun bá fẹ́ já a. Mo padà lọ bá Ìyá, mo ní bó bá rẹ̀ ẹ́ ká máa lọ sílé. Ó ti tẹ àpótí rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pátápátá. Bàbá Kékeré pẹ̀lú dúró lẹ́bàá ògiri, ó fọwọ́ lé ọ̀pá, ó wá wo ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn apẹja fa àwọ̀n, wọ́n kí wọn, mo dáhùn. Àwọn obìnrin lu èèpo igi, mo sì yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ díẹ̀, mo rí i tí Ìyá na ọrùn. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ yẹn yọ pẹ̀lú òkú inú rẹ̀. Lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni ohùn ìbánikẹ́dùn máa ń pọ̀ jù sí. Lọ́jọ́ náà, gbogbo pápá dákẹ́ lọ gbáà. Wọ́n ti rí Ìyá. Wọ́n mọ ẹni tó jókòó síwájú, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan egbò rẹ̀. Ìró ẹ̀rọ nìkan ló kù. Opó náà jókòó ti òkú rẹ̀, irun rẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tó ti ha díẹ̀.

“Ẹ kú àfẹ́kù o, ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú.”

Ìyá ni. Ó ti dìde dúró. Ẹ mọ ohun tí èèyàn fi ń dáhùn: Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Ó ti dé ẹnu mi kí n tó rí i pé mi ò lè sọ ọ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i. Báwo ni opó ṣe ń dá opó lóhùn, Bàbá? Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ pẹ̀lú páànù lẹ́nu. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń rò ó pé ará erékùṣù tún fẹ́ hùwà rẹ̀ àtijọ́, àti pé Ìyá mi ló máa hù ú sí. Ṣùgbọ́n Ìyá kò jókòó.

“Ṣé ẹ ti jẹun lónìí?”

Mi ò ro ohun tí mo máa sọ. Ó kàn jáde ni.

“Rárá o, ìyá. Ọmọ mi gbé e wá, mo ní kó gbé e kúrò.”

Lójú aṣọ, opó náà bo ojú rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó gbé e padà wá,” ni Ìyá wí. “Ọmọ yín ò ṣẹ̀ yín.”

Mo gbé páànù kúrò lẹ́nu nítorí ẹkún. Ohùn mi gan-an ni mo fi sọ ìyókù.

“Ẹ̀rù ń bà á, ìyá. Ó rò pé mo fẹ́ bá ọkọ mi lọ.”

Wọ́n ti ń gbé òkú náà lọ sí etí òkun, àwọn èèyàn wọn ń tẹ̀ lé e.

“Ẹ sọ fún un pé ẹ ò lọ,” ni Ìyá wí. “Ọmọ ni. Bí ẹ ò bá sọ fún un, báwo ló ṣe máa mọ̀?”

Mo ní mo gbọ́, ìyá. Fíìmù parí síbẹ̀. Aṣọ náà funfun gbòò, kò sẹ́ni kankan lára rẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò dìde àtilọ. Àwọn obìnrin kàn ń fi etí aṣọ nujú.

Ẹ má bi mí bóyá Ìyá mọ̀ pé èmi ni. Bàbá Kékeré ti sọ fún un, kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ̀? Kò sọ, mi ò sì béèrè. A ń darí lọ sílé, ó ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ èèpo igi yẹn. Ó ní òjò kan péré ló máa tú u ká. Ó ní bí wọ́n bá lè fún àwọn obìnrin náà lówùú, ọwọ́ wọn yá, wọ́n á mọ̀ ọ́n hun. Ó ní opó yẹn ṣì kéré, kó má jẹ̀ẹ́ kí àwọn àna rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wa, kò jókòó síbẹ̀, ó wọlé. Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá. Mo gbé e wá, ó tutù, ó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí kò rí èèyàn jẹun rí, títí ó fi ní kí n gbé ojú mi kúrò lára òun.

Àbúrò yín wá lọ́jọ́ kejì. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó jókòó, ó fín aáṣà díẹ̀, ó ní òun ti ronú sí i. Ó ní ẹni tí wọ́n kí tí kò lè fọhùn, ó dáa kí ẹnì kan máa gbà á fún un. Ṣùgbọ́n kí n má wà lẹ́yìn aṣọ mọ́, kí n gbé àga mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i pé èèyàn ni mí. Mo gbà. Òótọ́ ni pé ọrùn ti ń dùn mí níbẹ̀. Ó tún ní kò dáa bí àwọn ọmọdé ṣe ń ṣáájú kí ọba erékùṣù, àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ kí i, òun á sì wà níbẹ̀ láti rí sí i. Ó ti ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ láti ìgbà yẹn.

Ọ̀gá Sinimá ní fíìmù erékùṣù mìíràn ń bọ̀ láti Èkó, ti àwọn kan tí òkè oníná wà láàárín ìlú wọn. Ó ní kí n má lọ sí ibì kankan. Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ìyá ti fi ìgbálẹ̀ kó ilé aláǹtakùn kúrò lára òfì rẹ̀. Kò tíì ta òwú sí i o, mi ò ní parọ́ fún yín. Nígbà mìíràn, ó ṣì máa ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á sì jìnnà. Lónìí náà, ó jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó bá aládùúgbò wa jà nítorí ewúrẹ́ tó wọlé jẹ ẹ̀gẹ́. Ìjà náà dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi là á.

Ó ti wọ bàtà báyìí, ó dúró sí àgbàlá, ó ń ké pè mí pé ilẹ̀ ń ṣú, a ò ní rí ibi jókòó síwájú mọ́. Ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí láti ọ̀sán. Mo ní ẹ̀yin ni. Mo rò pé ojú rẹ̀ á yí padà. Ó tún gèlè rẹ̀ so, ó ronú díẹ̀, ó ní kí n kí yín dáadáa. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì yá.

Èmi ni ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín tí kò lè fi pamọ́, tí ìyàwó yín sì ń kánjú lé jáde nílé.